Ẹ Yé Pa Irọ́ Mọ́ Iná!

"Iná ló bà á jẹ́." Ó ti sú mi! Nínú Abẹ́òkúta yìí, láti Sápọ́n títí dé Pánṣẹ́kẹ́, kò sí ohun tó lè ṣe láptọ́ọ̀pù tí àwọn tó ń tún un ṣe kò ní sọ pé iná ni. Kíbọ́ọ̀dù ò tẹ̀, iná ni. Ojú rẹ̀ là, iná ni. Bó bá já bọ́ sínú odò Ògùn lọ́la, wọn á ní iná ló tì í.

Ọ̀rọ̀ sípíkà ló wá mú inú bí mi dé góńgó. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní léèsìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Téèyàn bá ti gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ báyìí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú fídíò tí mo fẹ́ kí wọ́n wò. Mo gbé e lọ. Ọmọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹ́ńjìníà ò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ó gbọ́ ohùn náà, ó mi orí, ó ní, "Mọ́mì, kọ́rẹ́ǹtì ló wọ inú sípíkà yín. Ó ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. A máa pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ni." Bọ́ọ̀dù, pátákó tó gbé gbogbo iṣẹ́ inú láptọ́ọ̀pù! Èló? ₦85,000. Nítorí sípíkà tí kò tóbi ju ìka méjì lọ!

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Iná tó ń wọ ilé wa, fóòtì 230 ni wọ́n ní kó jẹ́ (fóòtì ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe le tó). Ṣájà ló ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di nǹkan bíi 19. Bọ́ọ̀dù á tún gé e kù sí 5, sí 3.3, kó tó kan ṣíìpù kékeré tó ń ti ohùn jáde. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni sípíkà wà, nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í sì í ju wáàtì méjì lọ. Bí iná bá ya wèrè, ṣájà ló máa kọ́kọ́ kú. Bí kò bá dúró síbẹ̀, bọ́ọ̀dù á jó, láptọ́ọ̀pù ò sì ní tàn mọ́ rárá. Tèmi ń tàn o, ó ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo wa. Àfi kí n gbà pé iná wọlé, ó fo ṣájà, ó fo bátìrì, ó fo bọ́ọ̀dù, sípíkà nìkan ló rí pa. Olè wo ló ń wọlé tó máa fo owó àti góòlù, tó máa wá gbé ìgbálẹ̀ lọ?

Mi ò ní iná ò lè ba sípíkà jẹ́. Ó lè bà á jẹ́. Bí ṣíìpù tó ń ti ohùn jáde yẹn bá kú ikú burúkú, ó lè máa da iná tààrà sí sípíkà láìdáwọ́ dúró, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká sínú rẹ̀ á gbóná, á jó, á já. Ṣùgbọ́n sípíkà tí wáyà rẹ̀ ti já, ṣe ló máa ń dákẹ́ lọ gbáà. Tèmi ń pariwo! Ẹ́ńjìníà náà ṣáà gbọ́ ọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò sì le. Ki íyàpíìsì bọ̀ ọ́ kó o gbọ́ bóyá ohùn mọ́; bó bá mọ́, sípíkà ni ká fura sí. Tú ìdí rẹ̀, fi mítà, ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọn iná, kan ẹnu wáyà sípíkà méjèèjì. Bó bá ka nǹkan bí ohm 4 tàbí 8 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó), wáyà inú rẹ̀ pé. Bí kò bá ka nǹkan kan, ó ti já. Mo ní kó fi mítà wò ó. Ó ní mítà òun wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ́ńjìníà wo ni kò ní mítà!

Àbúrò mi tó ń so sólà ló bá mi tú u. Mítà ka 3.7. Kò sí ohun tó jó. A wá gbé sípíkà náà sí abẹ́ tọ́ọ̀ṣì: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde ti ya létí, ó ti ṣí kúrò lára férémù níhà kan, eruku irin kéékèèké sì ti lẹ̀ mọ́ òòfà inú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé áàpù tó ń ti ohùn kọjá 100 sórí rẹ̀, kó lè fi gbọ́ fújì. (Èmi àti ẹ̀ ti parí tiwa.)

Aládùúgbò mi kan tiẹ̀ ti sanwó sípíkà tuntun nítorí pé tiẹ̀ ń kùn hùùù tó bá ti wà lórí ṣájà, tí ara irin rẹ̀ sì ń ta á lọ́wọ́. Wọ́n ní kọ́rẹ́ǹtì ti wọ̀ ọ́. Sípíkà tuntun náà ń kùn! Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni orí ṣájà rẹ̀, ó wá fi ádápítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ki í bọ ògiri, kò wá sí éètì, wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bó bá yọ ṣájà, ariwo náà á dákẹ́. Wọ́n ti gbowó rẹ̀ jẹ.

Kí àwọn oníná má rò pé mo ń gbèjà wọn o. Èwo ni ká wí nínú tiwọn! Nígbà tí wáyà néútrà, èyí tí iná ń gbà padà, já lórí òpó àdúgbò wa, iná tó ń wọ àwọn ilé kan ń sún mọ́ fóòtì 400. Gílóòbù ń bú gbàù, fíríìjì àwọn èèyàn ń rú èéfín, ṣájà mi náà bá a lọ. A pè wọ́n, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. Àmọ́ ṣájà ló kú lọ́jọ́ náà. Mo yá òmíràn, láptọ́ọ̀pù tàn, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáká nígbà náà.

Sípíkà méjèèjì tí mo rà kò tó ìdá mẹ́wàá ₦85,000. Àwọn ìyá tí kò lábùúrò tó ní mítà wá ńkọ́, àwọn tó ti san owó bọ́ọ̀dù tuntun nítorí awọ tó ya? Bọ́ọ̀dù tí kò ṣe nǹkan kan, tí ẹ̀ ń yọ lára láptọ́ọ̀pù wọn, ta lẹ̀ ń tà á fún?