Oríire kọ́ ni Zidane fi gba Champions League mẹ́ta

Ó tún ti dé o. Ẹ kàn ka Zidane, kóòṣì tó kó Real Madrid gba Champions League, ife tó ga jù fún àwọn kíláàbù Yúróòpù, mọ́ àwọn kóòṣì tó mọṣẹ́, kíá lẹnì kan á ti fò fẹ̀rẹ̀: "Oríire lásán! Ronaldo ló gbé e. Ṣebí ó kàn ń pàtẹ́wọ́ létí pápá ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èèyàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Casemiro, agbábọ́ọ̀lù àárín tó ń dáàbò bo àwọn adènà, ná. Nígbà tí Barcelona wá sí Bernabéu, pápá Madrid, lóṣù kọkànlá ọdún 2015, orí bẹ́ǹṣì ni Benítez, kóòṣì Madrid nígbà náà, fi í sí. Ó kó James, Bale, Benzema àti Ronaldo wọ pápá pọ̀, ó wá fi Modrić àti Kroos nìkan ṣọ́ àárín. Barcelona nà wọ́n ní 4-0. Zidane gbaṣẹ́ ní January 2016. Òun náà ò tètè lo Casemiro, àfìgbà tí Atlético nà wọ́n nílé lóṣù kejì. Láti ìgbà náà ló ti fìdí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn adènà. Bí Marcelo àti Carvajal bá ti sáré gòkè, ẹ̀yìn wọn á ṣófo. Casemiro ló ń lọ dí i, kí Kroos àti Modrić lè ráyè pín bọ́ọ̀lù láìwẹ̀yìn. Gbogbo eré líìgì 12 tó kù ni Madrid borí, títí kan 2-1 ní Camp Nou, pápá Barcelona. Kò yani lẹ́nu pé Zidane, tóun náà gba àárín rí, ló rí i. Wọ́n ta Makélélé, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Casemiro ní Madrid, fún Chelsea lójú rẹ̀ ní 2003, Madrid ò sì tún gba líìgì kankan títí tóun fi fẹ̀yìn tì ní 2006.

Ti Ronaldo ńkọ́? Ọmọ ọdún 32 ni ní 2017. Ta ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ṣì yá lópin sáà? April 12, ó gbá méjì wọlé ní ilé Bayern ní kọ́tà-fáìnà Champions League. April 15, Madrid lọ sí Gijón fún líìgì, Zidane ò tiẹ̀ mú un dání. Isco ló fi góòlù ìṣẹ́jú 90 kó wọn yọ, 3-2. April 18, Bayern dé, Ronaldo gbá mẹ́ta wọlé. Góòlù méjì péré ló ní ní Champions League kó tó di kọ́tà-fáìnà. Láti ibẹ̀ dé fáìnà ní Cardiff, mẹ́wàá. Ẹ lọ sọ fún irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ pé kó jókòó sílé, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rọrùn tó.

Àwọn tó ní kò kọ́ṣẹ́ kò mọ̀ pé ó ṣe igbákejì Ancelotti, kóòṣì Madrid, ní 2013 sí 2014, ó kọ́ Castilla, ẹgbẹ́ kejì Madrid, ní ìpele kẹta líìgì Spéìn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì ní 2015.

Ó dáa, mo gbà: Karius, gólí Liverpool, ta wọ́n lọ́rẹ ní fáìnà 2018 ní Kyiv, pẹnáríti ni wọ́n sì fi borí Atlético ní fáìnà 2016 ní Milan.

Àmọ́ sáà 2019-20 ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún mi. Ronaldo ti wà ní Juventus, Hazard ń ṣàìsàn ẹsẹ̀. Barcelona fi àmì méjì ṣáájú nígbà tí Kòrónà dá líìgì dúró. Tí wọ́n padà dé, Madrid borí mẹ́wàá léraléra, wọ́n gba ife. Góòlù 25 péré ló wọ ilé wọn nínú eré líìgì 38. Ẹni tó sì tẹ̀lé Benzema nínú gbígbá góòlù wọlé ni Ramos, adènà, tó ní 11.