Kí ló ń pa wá lẹ́kún nídìí fíìmù?

Olùkọ́ Kàbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Lọ́kọ́ja títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo tún wo 93 Days, fíìmù ọdún 2016 tó sọ bí àrùn Ebola ṣe wọ Èkó lóṣù Keje ọdún 2014 àti bí àwọn oníṣègùn ṣe dènà rẹ̀. Kí n tó jókòó ni mo ti mọ̀ pé Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò gbà kí aláìsàn tó gbé àrùn náà wọ̀lú kúrò nílé ìwòsàn, kú nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Síbẹ̀, omijé já bọ́ lójú mi. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ikú gan-an ló ń pa òǹwòran lẹ́kún, bí kò ṣe pé ó ti mọ ohun tí ẹni inú eré kò tíì mọ̀. Ẹ̀ ń wo obìnrin náà bó ṣe ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè pè é kó gbọ́.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ẹkún ara ẹni ni oníkálukú ń sun nídìí fíìmù. Túndé Kèlání gbé Dazzling Mirage jáde lọ́dún 2014, nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí kò bá tíì fi ọ̀gànjọ́ òru gbé ọmọ tí egungun ń ro lọ sílé ìwòsàn rí lè wò ó kó sì ní eré náà dára. Èmi tí mo ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ́ẹ̀ kò lè wò ó débi ìdajì kí n tó wá aṣọ tí màá fi nu ojú.

Ayafídíò Mọ́pà: Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun dá sí i. Bó bá jẹ́ ẹkún ara ẹni nìkan ni, ẹni méjì kò ní sunkún níbì kan náà. Lọ́dún 1995, James Gross àti Robert Levenson, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi àyọlò fíìmù 78 han èèyàn 494, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ru ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan sókè. Nínú àwọn tó ń fa ìbànújẹ́, The Champ ti ọdún 1979 wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lọ: ọmọkùnrin kékeré kan ń bẹ bàbá rẹ̀, akànṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, pé kó jí. Ṣé gbogbo àwọn tó wò ó ni bàbá wọn kàn ẹ̀ṣẹ́? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya ojú ọmọ náà ló ṣe é. Àwọn kan láàárín wa, ní tiwọn, yóò ní kí òṣèré ké fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò tún gbé dùùrù lé e lórí, wọ́n á wá máa bínú pé a kò sunkún. Ẹni tó ń pa ẹkún mọ́ra lójú fíìmù ló ń jẹ́ kí èèyàn sun ún fún un.

Ọmọ Ìyàrá: Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó ń sunkún fún òṣèré tó ti gbowó rẹ̀, tó sì ti lọ sílé lọ jẹun, ni kì í yọjú sí opó tó wà ní ìtòsí rẹ̀. Ẹkún tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni.

Àgbà Ẹ̀gbẹ̀: Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ korò, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ohun tí Ayafídíò sọ. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991, Kwara ni wá, ṣáájú ìyẹn a wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, fíìmù Íńdíà sì gbilẹ̀ gan-an lókè níbẹ̀. Mother India, tó jáde lọ́dún 1957, jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ wa wò láìgbọ́ èdè Hindi kankan. Radha, ìyá inú eré náà, jìyà gan-an kó tó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Birju, ọmọ rẹ̀, dàgbà di olè, ó pa ayánilówó tó ti ń rẹ́ wọn jẹ, ó sì ń gbé ọmọbìnrin ọkùnrin náà sá lọ. Ìyá rẹ̀ yìnbọn fún un, ó sì sáré lọ gbé e mọ́ra kó tó kú. Kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ló mú wa sunkún níbẹ̀. Láàárín àwa, bí arúgbó bá kú, ìlù ni à ń wá, a ó sì pa màlúù bí agbára bá ká a. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, ilé á sì pa rọ́rọ́. Àdúrà wa ni pé kí ọmọ sin òbí. Ìgbà tí eré bá yí ètò yẹn po ni ẹkún máa ń dé, ẹni tó bá yà á dáadáa kàn ń jẹ́ kó tètè dé ni.

Olùkọ́ Kàbà: Ọmọ Ìyàrá, Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2016. Wọ́n fi fíìmù ìbànújẹ́ nípa ọkùnrin kan tí kò nílé han àwọn kan, wọ́n sì fi ètò ìmọ̀ lásán han àwọn mìíràn. Ṣáájú ìwòran náà àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo àwọn òǹwòran náà fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n lóṣòó bí ẹni tó jókòó láìsí àga, títí ìrora yóò fi mú wọn dìde. Àwọn tó wo fíìmù ìbànújẹ́ náà fara da ìrora jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní àwọn túbọ̀ sún mọ́ àwọn tí àwọn jọ wò ó.

Ọmọ Ìyàrá: Ẹ ṣeun, sà. Ó yẹ kí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn oṣù kan, bóyá wọ́n ṣì ń kí ara wọn.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú: Bàbá Ẹ̀gbẹ̀, mo ní ìbéèrè kan. Mo wo eré kan tí ìyá arúgbó ti kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun, tó ṣì ń ra ẹ̀bùn fún un ní pápákọ̀ òfurufú. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a ó sì pa màlúù fún irú rẹ̀. Kí ló dé tí mo sunkún?

Àgbà Ẹ̀gbẹ̀: Ìyá Ìbejì, ẹ kò sunkún fún ìyá náà. Ọmọ tí kò tètè dé lẹ sunkún fún.

Olùkọ́ Kàbà: Ẹ ò rí i, bàbá! Ìyá Ìbejì ti mọ̀ pé ìyá inú eré ti kú, ọmọ náà ṣì ń ra ẹ̀bùn ní pápákọ̀ òfurufú. Ohun tí mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ayafídíò Mọ́pà: Ta ló ní kí wọ́n fi ẹ̀bùn náà hàn yín, sà? Olùdarí eré ni.