Jonathan Edwards àti Max Jukes: ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí ìpàdé tọkọtaya ní ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n á ní ọkùnrin méjì gbáyé ní Amẹ́ríkà nígbà kan náà. Jonathan Edwards jẹ́ pásítọ̀ tó bẹ̀rù Ọlọ́run, Max Jukes kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àtọmọdọ́mọ Edwards di adájọ́ 30, lọ́yà 100, olórí yunifásítì 13, igbákejì ààrẹ 1. Ti Jukes di olè, ọ̀mùtí àti alágbe. Gbogbo ìjọ á wá ṣe “Àmín!”

Èmi náà ti ṣe àmín yẹn rí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n ló jókòó tì mí. Kò ṣe àmín. Ó ń fi ìka ká etí ìwé ìsìn ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi ya. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Jukes kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Richard Dugdale, olùwádìí kan, ló fi bo orúkọ wọn. Ní 1874, níbi tó ti ń yẹ àwọn ẹ̀wọ̀n New York wò, ó bá èèyàn mẹ́fà tó bára tan nínú ẹ̀wọ̀n kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin wọn. Èèyàn 709 ni ìwé tó ṣe ní 1877 kà. 169 nínú wọn kò bá wọn tan rárá, ìgbéyàwó tàbí ìbágbé ló dà wọ́n pọ̀. Ìfojúdá ni àtọmọdọ́mọ Jukes 1,200 táwọn pásítọ̀ máa ń dárúkọ. Ọdẹ tó tún ń pẹja ni Dugdale pe Max, ó ní ó ń mutí, ó sì lọ́yàyà. Kò pè é ní aláìgbàgbọ́. Dugdale fúnra rẹ̀ gbà pé bí a bá tún ibi tí ọmọ ń gbé ṣe, ọmọ náà lè yí padà. Albert Winship, olùkọ́ kan, ló wá gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdílé Edwards ní 1900.

Ti ìdílé Edwards gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ká ní àwọn àgbà wa ni wọ́n rán lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀ kí wọ́n tó fọmọ fún wọn, wọn ì bá padà wálé sọ pé kò ṣeé ṣe. Elizabeth Tuttle ló bí bàbá Jonathan. Oyún ẹlòmíràn ló gbé wọlé ọkọ ní 1667, ilé ẹjọ́ sì tú ìgbéyàwó náà ká ní 1691. Benjamin, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, fi àáké pa Sarah ẹ̀gbọ́n wọn ní 1676, wọ́n sì yẹgi fún un. Mercy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, náà fi àáké pa ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní 1691. Ilé yìí ni Jonathan ti wá.

Igbákejì ààrẹ tí wọ́n ń kà mọ́ ọn ńkọ́? Aaron Burr ni, ọmọ tí Esther, ọmọbìnrin Jonathan, bí. Orí àga yẹn ló wà tó fi yìnbọn pa Alexander Hamilton, olóṣèlú bíi tirẹ̀, ní 1804, níbi tí wọ́n ti jọ fìbọn kojú ara wọn. Ní 1807 wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, àmọ́ wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi tán o: kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni bàbá, ìyá, àti bàbá àti ìyá ìyá rẹ̀ ti kú tán, láàárín September 1757 sí October 1758.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ́wọ́ mú. Àmọ́ ilẹ̀kùn ti ṣí dè wọ́n. Pásítọ̀ tó kàwé ní Harvard ni bàbá Jonathan. Jonathan fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún 13 tó fi wọ Yale. Timothy Dwight, ọmọ ọmọ rẹ̀, di olórí Yale ní 1795. Wọ́n sì ní ẹrú tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ní 1731, Jonathan Edwards lọ sí ìlú Newport, ó fi pọ́n-ùn 80 ra ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan tó tó ọmọ ọdún 14. Venus ni wọ́n pè é nínú ìwé tí wọ́n fi tà á. N kò tíì gbọ́ ìwàásù kankan tó ka àtọmọdọ́mọ Venus.

Ó wù mí ká tọ́ ọmọ wa nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí n kò fẹ́ ni ká máa fi ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀ sọ fún ọmọ ẹlẹ́wọ̀n pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ohun tí mo kọ yìí ránṣẹ́ sí.