Irọ́ ni pé ohun tí Google kò bá rí kò sí

“Mo ti wá a lórí Google, kò sí níbẹ̀.” Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti sọ gbólóhùn yìí, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á gbà pé ohun tí àwọn ń wá kò sí níbì kankan lórí ayélujára. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí lọ́pọ̀ ìgbà ohun náà wà, ọ̀fẹ́ ni pàápàá, ilẹ̀kùn mìíràn ló yẹ kí wọ́n kàn.

Èmi náà ń lo Google lójoojúmọ́, n kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọ inú ayélujára lọ. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà wọn ti ń tọ líǹkì láti ojú ìwé kan dé òmíràn, tó ń kọ ohun tó bá rí sínú atọ́ka ńlá kan. Atọ́ka yẹn ni ẹ ń bi ní ìbéèrè. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, Google kò lè gbé e wá, bó ti wù kó wúlò tó.

Báwo ni nǹkan ṣe ń bọ́ mọ́ atọ́ka yìí lọ́wọ́? Ẹni tó ni ìkànnì lè kọ ọ́ sínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ robots.txt, ìlànà tó ti wà láti 1994, pé kí irú ètò bẹ́ẹ̀ má ṣe yà sọ́dọ̀ òun. Google sì lè ka ojú ìwé kan tán kó má fi í sínú atọ́ka. Èyí tí mo rí i pé àwọn ènìyàn kò mọ̀ rárá ni ti ojú ìwé tí kì í sí àfi tí ẹnìkan bá béèrè fún un. Ẹ wo àkójọ orúkọ ìwé inú ilé ìkàwé ńlá. Orúkọ ìwé lè kún ibẹ̀ lọ́pọ̀ mílíọ̀nù, síbẹ̀ àpótí kan ṣoṣo lẹ máa bá lójú ìwé àkọ́kọ́. Ìgbà tí ẹ bá tẹ orúkọ òǹkọ̀wé sínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wọn á tó ṣa ìdáhùn jọ fún yín. Ètò tí ń tọ líǹkì kiri kò rí líǹkì tọ̀ níbẹ̀, kò sì mọ orúkọ tó yẹ kó tẹ̀. Á kọjá lọ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lọ wá nǹkan níbi tó ń gbé, torí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlera bá jẹ lógún, PubMed ni kó lọ. Ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o láti 1996, àkọsílẹ̀ ìwádìí tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 35. Lóòótọ́, àkékúrú nìkan lẹ máa rí nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ fi àmì sí “Free full text” ní ẹ̀gbẹ́ òsì, èyí tí ẹ lè kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan ló máa kù. Ẹni tó ń wá ilé ìkàwé tó ní ìwé kan, WorldCat wà. Ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ti parí lórí rẹ̀ ju 70,000 lọ ló wà ní ìkànnì Project Gutenberg. Wikipedia ńkọ́? Ẹ má ṣe dúró sókè, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orísun ọ̀rọ̀ sí.

Lórí Google gan-an, bí a ṣe ń béèrè ló máa ń dí wa lọ́nà. Ẹni tó ń wá ejò ńlá tí à ń pè ní python, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló máa bò ó mọ́lẹ̀. Kó kọ ọ́ báyìí: python -programming. Àmì ìyọkúrò yẹn ń sọ fún Google pé kó yọ ojú ìwé tó ní ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kúrò. Ẹni tó sì fẹ́ ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ibà nìkan lè kọ malaria site:who.int filetype:pdf. Ìkànnì tí a fẹ́ ni site: ń tọ́ka sí, irú fáìlì tí a fẹ́ ni filetype: ń tọ́ka sí. Ẹ má fi àlàfo sáàárín site: àti àdírẹ́sì.

Ó ku ti líǹkì tó ti kú, ìyẹn èyí tí kì í gbé ojú ìwé rẹ̀ wá mọ́. Google máa ń pa ẹ̀dà ojú ìwé mọ́ fún wa tẹ́lẹ̀, ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2024. Ẹ da àdírẹ́sì tó kú náà kọ, kí ẹ lọ sí web.archive.org. Wayback Machine ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ Internet Archive tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996. Ẹ lẹ àdírẹ́sì náà mọ́ inú àpótí òkè. Ìlà ọdún á yọ, kàlẹ́ńdà á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àmì róbótó lára ọjọ́ tí wọ́n ya ojú ìwé náà pamọ́. Bí àmì náà bá ní àwọ̀ ọsàn, ojú ìwé ti sọnù kí wọ́n tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ irú èyí, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jáde. Ẹ padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi kan àwọ̀ búlúù. Ojú ìwé tí mo ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìkànnì yìí kan náà ní àpótí mìíràn tó ń jẹ́ “Save Page Now”. Ojú ìwé tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa nílò lọ́la, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀ lónìí nígbà tó ṣì wà láàyè.