Fídíò Kọ́ Ló Pa Sinimá Wa

Ẹ bá mi dé búkà kan ní Okéyìnmi, ní Adó-Èkìtì, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Iyán wà níwájú wa, ọbẹ̀ ń tutù, àríyànjiyàn ló ń gbóná. Ọ̀rọ̀ ilé sinimá àtijọ́ la gbé kalẹ̀, "ulé sinimá" lẹ́nu àwa Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní: "Fídíò ló pa á. Ọjọ́ tí fíìmù àgbéléwò dé ni sinimá kú." Gbogbo wa mi orí.

Èmi náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọdún pípẹ́. Ó rọrùn láti sọ: ohun tuntun dé, ó lé ohun àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá to àwọn ọdún náà tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ìgbà tí wọ́n ní apànìyàn wọlé, òkú ti ń rùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí bó ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àlejò ni sinimá. Eléré á kó prójẹ́tọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun fẹ̀ǹfẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, á háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ìwé: Ìkẹ́rẹ́ lónìí, Ìjerò lọ́la, Ìkọ̀lé lọ́túnla. Láti ọ̀sán ni mọ́tò á ti máa fi gbohùngbohùn kéde kiri ìlú. Ọ̀nà tí Ògúndé àti Bàbá Sàlá ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri látijọ́ náà ni wọ́n gbé fíìmù gbà.

Àwa tí a wà ní Adó ní ilé tiwa ládùúgbò. Bẹ́ǹṣì onígi, ògiri tó ti dúdú fún èéfín sìgá, ìyá elẹ́pà lẹ́nu ọ̀nà. A máa ń bá àwọn ará Íńdíà kọrin ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́. Bó bá jẹ́ ti Ṣáínà la wò, títí a ó fi délé la ó máa ta ara wa nípàá, ẹni tó bá sì ṣubú á dìde kíá, torí áktọ̀ kì í kú. Róòlù fíìmù kan kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìdí nìyẹn tí ilé sinimá fi ń ní prójẹ́tọ̀ méjì, tí ihò méjì sì fi wà lára ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀kan nínú tiwa bàjẹ́, tí wọn ò tún un ṣe mọ́, inú òkùnkùn la ti ń dúró kí wọ́n pààrọ̀ róòlù. Ẹ ò ní gbàgbé ariwo: "Ọ̀gá, dá owó wa padà!" Prójẹ́tọ̀ tí wọn ò rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ ta wá lólobó.

Bó bá ṣe pé wíwo àwòrán nílé lè pa sinimá, tẹlifíṣọ̀n ni ì bá pa á. Ìbàdàn ti ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV láti 1959. Síbẹ̀, 1976 ni Ajani Ogun jáde, tí àwọn èèyàn tò lọ bí èèrà láti wo fíìmù ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n ti dé. Orí tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti mọ Bàbá Sàlá, kí wọ́n tó sanwó lọ wò ó lórí aṣọ funfun. Tẹlifíṣọ̀n ló bá sinimá pe èrò.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Náírà ni. Fíìmù ńlá 35mm ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Eré wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8,100, ìyẹn ẹ̀dà kan ṣoṣo, láìka èyí tí wọ́n yà tí wọ́n gé dànù. Òkè òkun la ti ń ra róòlù rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Ní 1985, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Ní 1986, SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida tó jẹ́ kí iye náírà já wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1992, dọ́là kan ti lé ní náírà mẹ́tàdínlógún. Iye náírà tó ń ra róòlù méjìdínlógún tẹ́lẹ̀ kò wá fẹ́ẹ̀ ra ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn kan á ní òǹwòran ni ò lówó mọ́. Ní Èkìtì, ẹ rọra sọ ìyẹn. Ọdún 1986 yẹn náà ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, owó kòkó sì fò sókè. Àgbẹ̀ rówó ná. Tíṣà ni ìyà jẹ (tíṣà sì pọ̀ nílẹ̀ wa). Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fíìmù ni okùn ti kọ́kọ́ já.

Ẹ̀gbọ́n wa ní kí ni mo máa wá sọ nípa Orun Mooru? Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹn dun èèyàn. Ní 1982, Bàbá Sàlá kówó lé fíìmù yẹn, àwọn olè jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè sì wọ bàbá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n olè ni wọ́n, ọ̀bẹ lásán ni kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, Mosebolatan, ní 1985. Ẹni tí fídíò ti pa kì í dìde bẹ́ẹ̀.

Òru náà dá kún un. Olè ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, eléré wá ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra. Ìyá mi ò jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé ilé sinimá rárá, nítorí àwọn ọmọ tó ń fa igbó lẹ́yìn ilé. Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ló wá di oníbàárà àgbéléwò tó gbóná jù. Sinimá ò ní wọn rí, kí ni fídíò wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Wọ́n ní Living in Bondage, fíìmù àgbéléwò èdè Ìgbò ti 1992, ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ade Ajiboye ti ṣe fíìmù Yorùbá sórí fídíò ní 1988, Kenneth Nnebue tó gbé ti 1992 jáde náà sì ti kọ́kọ́ ṣe ti Yorùbá. Kí nìdí tí àwọn eléré fi gbé kámẹ́rà fídíò? Torí pé ọwọ́ wọn ò tó fíìmù mọ́ ni. Ọmọ tí sinimá bí sínú ìṣẹ́ ni àgbéléwò.

Ìgbà tí fídíò tilẹ̀ ń jayé orí ẹ̀ lọ́wọ́ ni sinimá tún jí. Ní 2004, Silverbird ṣí ilé sinimá ní Victoria Island l'Ékòó, tí CD fíìmù kún ojú títì. Ní ìparí 2023, tí fíìmù ti wà nínú fóònù gbogbo èèyàn, A Tribe Called Judah ti Funke Akindele jáde, ó sì pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Níbi tí owó bá wà, tí iná ò ṣẹ́jú, tí èèyàn lè rìn lálẹ́, wọ́n ń jáde lọ wò ó.

Mo ro gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n wa. Wọn ò gbà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ìdí rẹ̀: àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa, wọ́n sì fẹ́ràn kí a máa sọ pé àwọn làwọn sin sinimá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín tá a ti ń sanwó wo fídíò, níbo lẹ ti rí bẹ́ǹṣì tá à ń jókòó lé?"

Wọ́n ní àwọn rà á ni.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Wọ́n ṣu òkèlè kan, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀ tó ti tutù, wọn ò gbé e sẹ́nu. "Lọ́wọ́ onílé sinimá. Ó ti ti ibẹ̀ pa nígbà yẹn, sìmẹ́ńtì ló ń kó síbẹ̀."

"Bẹ́ǹṣì mẹ́rin," ni mo wí.

"Mẹ́fà ni," wọ́n dá mi lóhùn. "Mẹ́rin ló ṣì dára."