Ẹran Gbígbẹ Kì Í Ṣe Ẹran Tí Kò Ní Kòkòrò: Ọ̀rọ̀ Lórí Kílíṣí

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tí ń ra kílíṣí ní Wuse tàbí ní Nyanya, ní Abuja, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ẹran tí a sá sóòrùn, tí a fi ata pa, tí a sì tún yan lórí iná, kò lè fa inú rírun. Ìdajì òtítọ́ ni.

Àwọn tó ń ṣe é a máa la ẹran màlúù pẹlẹbẹ, wọn a sá a, wọn a rì í sínú àpòpọ̀ kúlíkúlí lílọ̀, ata, atalẹ̀ àti iyọ̀, wọn a tún sá a, kí wọ́n tó yan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbígbẹ yìí wúlò, nítorí bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, kì í pọ̀ sí i níbi tí omi kò bá tó. Ṣùgbọ́n àìpọ̀ sí i kì í ṣe ikú. Salmonella, bakitéríà kan tó ń fa inú rírun, lè wà láàyè nínú oúnjẹ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ata gbígbẹ fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ ohun tó gbé e wọlé.

Bakitéríà mìíràn, Staphylococcus aureus, ni ó ń kọ mí lóminú jù. Inú imú àti ara awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le ni ó ń gbé, ó sì fara da iyọ̀ ju ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn lọ. Bí ọwọ́ ẹni tó la ẹran bá gbé e sórí rẹ̀, tí ẹran náà sì wà láìtíì gbẹ nínú ooru Abuja fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó lè tu májèlé sínú rẹ̀. Iná yóò pa bakitéríà náà, ṣùgbọ́n májèlé yìí kì í bàjẹ́ bí a tilẹ̀ sè é nínú omi híhó. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 8 tí èèyàn bá jẹ ẹ́, èébì lè bẹ̀rẹ̀. (Èmi náà ń jẹ kílíṣí o, n kò wá ba ọjà àwọn mállàm jẹ́.)

Àwọn kan a máa dáhùn pé àwọn òyìnbó ń jẹ sàlámì (sọ́séèjì ẹran tí a mú kan, tí a sì jẹ́ kí ó gbẹ) láìsè, àti pé kíkan rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Lóòótọ́, bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di ásíìdì ni ó ń mú un kan. Síbẹ̀, ní 1994, E. coli O157:H7, bakitéríà kan tó léwu, tó wà nínú sàlámì gbígbẹ kó àìsàn bá àwọn èèyàn ní Washington àti California ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn tó ń ṣe é fi hàn pé, nínú 100,000 irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìṣe wọn kò ní jẹ́ kí ó ṣẹ́kù ju 1 lọ.

Ní àsìkò òjò, tí oòrùn kì í ràn dáadáa, tí ẹran sì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, mo máa ń bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tí ó ti sá a. Bí ó bá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì máa lọ.