Ta ló sọ fún Champ pé kò lè fìdí rẹmi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fídíò ọmọbìnrin yẹn ránṣẹ́ láti gúrúùpù kan sí òmíràn láti ọjọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. A ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú gbọ̀ngàn ìdíje chess, tó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, tí bàbá rẹ̀ dúró tì í tó ń wí pé, "Champ, dìde! Ìwọ náà, ẹ̀rù ń bà ọ́?" Àwọn kan fi ẹ̀rín sábẹ́ ẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló fẹ́ pa ògo ọmọ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n tètè gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹnì kan, àgbàlagbà tó lórúkọ ní Ìkòròdú níbí, kọ ọ́ pé ẹgba mẹ́ta péré ló kù kí ara ẹ̀ tó le.

Ohun tí fídíò ò fi hàn yín nìyí: títí di ìgbà tí wọ́n ká a mọ́ orí àtẹ̀gùn yẹn, ọmọ náà ò tíì pàdánù kankan. Ìpele mẹ́ta ló ti ta, ó sì borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ tó ń borí ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ tún un kà kẹ́ ẹ tó pe wòlíì.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé ní chess á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Pọ́ọ̀nù iwájú ọba á kọ́kọ́ lọ sí e4 (lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe ìlà òòró bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ni ti ìbú), alátakò á dá a lóhùn ní e5. Bíṣọ́ọ̀bù á jáde sí c4, alátakò á gbé ẹṣin sí c6. Ayaba á wá ta tààrà lọ sí h5. Ọmọ tí kò bá mọ̀ á ní kí lèyí ń wá níbí, á gbé ẹṣin kejì sí f6 kó lè lé e. Kò mọ̀ pé f7 ni wọ́n ń wò. Nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, f7 ni kò ní olùgbèjà púpọ̀, ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ayaba á jẹ pọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù á máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè, ọba ò lè jẹ ẹ́, kò sì ríbi sá sí. Ó tán nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé.

Champ fi ìyẹn na gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ó fi na kíláàsì tó wà lókè wọn. Ó fi na tíṣà kan tó rò pé òun kàn ń bá ọmọdé ṣeré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ CHAMP gàdàgbà sẹ́yìn aṣọ ẹ̀, tí ìyá rẹ̀ náà ò pe orúkọ àbísọ mọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe rí ládùúgbò wa látìgbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square, ní New York, lóṣù kẹrin ọdún 2024. Ìkòròdú níbí ló dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ eré náà, àdúgbò Májìdun níbí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní 2018. Ó yẹ ká máa fi yangàn. Àmọ́ Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ òbí rí nínú ìtàn yẹn, wọn ò rí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọjọ́ Sátidé. Ọmọ 32, ìpele márùn-ún, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí aago. Ètò tí wọ́n ń pè ní Swiss ni wọ́n lò: ẹni tó borí á pàdé ẹni tó borí, ẹni tó pàdánù á pàdé ẹgbẹ́ ẹ̀, wọn kì í lé ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀mì, lẹ́yìn ìpele kìíní, ọmọ 16 ni kò tíì pàdánù. Lẹ́yìn ìkejì, 8. Lẹ́yìn ìkẹta, 4. Lẹ́yìn ìkẹrin, 2. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ẹyọ kan. Ọmọ 31 nínú 32 ló máa pàdánù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó kó àga. Bí wọ́n ṣe to ìdíje náà nìyẹn, kò sí ayé níbẹ̀, kò sí àjẹ́. Òbí sì kún ìta, tí kálukú ti sọ fún tiẹ̀ nínú mọ́tò pé, "Ìwọ ò lè fìdí rẹmi lórúkọ Jésù," tàbí "ní agbára Ọlọ́run," ibi yòówù kí wọ́n ti wá.

Ìpele kìíní, ìṣísẹ̀ mẹ́rin, Champ dìde. Ìkejì, dúdú ló mú, ọmọ tó bá a ta gbàgbé rúùkù méjèèjì sílẹ̀. Ìkẹta ni nǹkan yí.

Funfun ló mú. Pọ́ọ̀nù, bíṣọ́ọ̀bù, ayaba sí h5. Ọmọkùnrin tó jókòó síwájú ẹ̀ wo ayaba yẹn títí, ó wá fi ìka kan ti pọ́ọ̀nù kékeré kan sí g6. Ó tán. Pọ́ọ̀nù yẹn dínà, ó sì tún dojú kọ ayaba. Champ gbójú sókè wo rẹfirí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó gbé ayaba sí f3, kó tún lè máa wo f7 láti ibẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbé ẹṣin sí f6, ó tún dínà. Champ ò ní ètò mìíràn. Ó gbé ẹṣin kan sí c3 nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan. Ẹṣin ọmọkùnrin náà tó wà ní c6 bá fò sí d4, ó dojú kọ ayaba gbọnrangandan, ayaba bá padà sílé, sí d1 tó ti jáde. Ìrìn mẹ́ta, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ó borí nínú eré yẹn náà ṣáá o. Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ fi ẹṣin jẹun, ó fi ìwàǹwára mú ayaba ara ẹ̀ dípò ẹ̀, òfin sì ni pé èyí tó o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn lo máa gbé. Ó gbé ayaba síbi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Níta, wọ́n gbé Champ sókè. Àmọ́ ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé òun ò ta eré yẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé ìpele kẹrin mọ́ ògiri, tó rí i pé ọmọ Májìdun kan tóun náà ti borí lẹ́ẹ̀mẹta ni òun máa bá ta, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Ó sì ń run ún lóòótọ́. Ẹ yé sọ pé ó ń díbọ́n. Ara tí ẹ̀rù bá bà máa ń kó ẹ̀jẹ̀ kúrò níkùn lọ sí ẹsẹ̀ àti apá, bí ẹni tó fẹ́ sáré, ikùn á wá máa lọ́. Ohun tí ọmọ nílò nígbà yẹn kò ju omi, ilé ìtura, ìṣù búrẹ́dì kékeré kan, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí ìwé ara ògiri yẹn. Kí kóòṣì fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa ṣe: kó jókòó lé ọwọ́ méjèèjì, bí alátakò bá sì ti gbé nǹkan, kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé, "Kí lèyí fẹ́ jẹ?" kó tó yọ ọwọ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í rò pẹ́, ó fẹ́ kó tètè tán ni. Ẹ wo aago wọn: ìṣẹ́jú méjìlá á ṣẹ́ kù fún un nígbà tí ayaba rẹ̀ ti kú.

Dípò ìyẹn, ohun tí wọ́n sọ fún un ni "má bà mí lórúkọ jẹ́." Orúkọ ta ni?

Ẹ má wí fún mi pé tó bá dàgbà á fi í sílẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ọmọ tó ti ní rating FIDE, ìyẹn nọ́ńbà tí àjọ chess àgbáyé fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tí rating rẹ̀ ò sì tó 2300, K tiẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń ṣírò bí rating ṣe máa gòkè tàbí wálẹ̀ lẹ́yìn eré, jẹ́ 40. Bó bá bá ẹni tí rating rẹ̀ fi 200 kéré sí tirẹ̀ ta, tó sì borí, nǹkan bí 10 ló máa rí. Bó bá pàdánù, nǹkan bí 30 ló ń lọ. Ọmọ náà á ṣírò ẹ̀, bàbá ẹ̀ á bá a ṣírò ẹ̀, wọ́n á jọ fẹnu kò pé ìdíje ti oṣù yìí ò pọn dandan. Magnus Carlsen tó jẹ́ ọ̀gá ayé láti 2013 sí 2023, nígbà tí Gukesh ará Íńdíà, ọmọ ọdún 19, na án ní Norway lóṣù kẹfà 2025, ó gbá tábìlì débi tí ọmọ chess fi fò. Ẹni ọdún 34 nìyẹn. Ẹ wá ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án má sunkún.

Ẹ wo ayò tiwa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń nà ni òpè, wọ́n á sì pè é bẹ́ẹ̀ létí gbogbo ẹni tó dúró wòran. Síbẹ̀ ikùn kì í run òpè. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti nà án tó ìgbà mẹ́wàá, òun náà á ti rí ẹnì kan nà lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó ń kà á. Champ ń ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, lójú kámẹ́rà, pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn aṣọ.

Iṣẹ́ kóòṣì ò sì le. Ọjọ́ tí ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn bá ti jẹ lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra ẹ̀ ni kó fi g6 dá ọmọ náà lóhùn, nílé, níbi tí ojú ò sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àgbà máa yọ ayaba tirẹ̀ kúrò lórí bọ́ọ̀dù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ń borí léraléra, kó dá ayaba padà, kó yọ rúùkù kan. Tó bá tún ń borí, kó dá rúùkù padà, kó yọ ẹṣin. Ibi tí ọmọ bá ti ń borí lẹ́ẹ̀kan tó sì ń pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kí wọ́n wà. Eré mẹ́ta lálẹ́. Èyí tó bá pàdánù, kí wọ́n to bọ́ọ̀dù padà, kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ tún ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbé láìwo ìwé, kó dúró níbi tóun rò pé ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ kọ́ ló ti bàjẹ́. Kò burú, ó ṣáà ti wá a.

Champ wọlé nígbẹ̀yìn. Aago rẹ̀ ti ń lọ látìgbà tó wà lórí àtẹ̀gùn, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù. Ọmọ Májìdun yẹn nà án. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí àṣà ṣe wí, kò sunkún, ó tiẹ̀ to àwọn ọmọ chess padà sí àyè wọn. Ìpele kan ṣì kù, ẹni tó ní àmì mẹ́ta bíi tiẹ̀ ni ì bá bá ta. Bàbá rẹ̀ ló ní ó tó, ó gbé báàgì, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìta-Ẹlẹ́wà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú ju fídíò lọ.

Àmọ́ nǹkan kan ò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà tán. Irọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn ló mú ọmọ náà jókòó ti bọ́ọ̀dù. Ká ní g6 ni wọ́n fi kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé á dúró? Àwọn ọmọ tí wọ́n nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ ní kíláàsì yẹn, kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní láti Ọjọ́rú ló ti tún gbé bọ́ọ̀dù jáde. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún nìkan ló gbà láti bá ta, ayaba sí h5 náà ló sì ń gbé.